Fọ́ọ̀mù Tí Mo Bá Ọkọ Mi Kọ

Bí ẹ bá rí obìnrin tó fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó tún jókòó tó ń bá ọkọ náà kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ni. Orí bẹ́ǹṣì kan níwájú ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn ló ti ṣẹlẹ̀, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri ibẹ̀, òórùn ọ̀dà sì ń ta mí nímú.

Kóòtù ló ní ká lọ síbẹ̀. Tọkọtaya kò lè tú ká níbi tí à ń gbé bí wọn kò bá kọ́kọ́ rí agbaninímọ̀ràn lẹ́ẹ̀mejì. Òun ni yóò kọ̀wé sí adájọ́ bóyá ọ̀rọ̀ wọn ṣì ní àtúnṣe. Èmi ni mo pe ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọkọ mi kò nà mí rí, kò kó obìnrin wọlé, kò fi ebi pa mí. Ohun tó ṣe ni pé ó dákẹ́. Ogún ọdún ló fi dákẹ́, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé èmi ni ìdákẹ́ yẹn ń bá wí, pé mo ti sú u, pé ọjọ́ tó máa sọ ọ́ jáde ló ń wá. Ìdúró de ọjọ́ yẹn ló fẹ́ pa mí. Mo ní kí ó tó kọ̀ mí, kí n kúkú kọ̀ ọ́.

Obìnrin ni agbaninímọ̀ràn náà, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní fọ́ọ̀mù kan. Ogójì ìbéèrè ló wà nínú rẹ̀, nípa ìwà ẹni àti bí ayé ẹni ṣe tẹ́ ẹni lọ́rùn tó. Ṣé ọkàn rẹ máa ń dààmú lórí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀? Ṣé ó rọrùn fún ọ láti sọ ohun tó ń dùn ọ́? Ṣé o kábàámọ̀ ẹni tí o fẹ́? Ní ìparí, wọ́n ya àkàbà kan, òdo wà nísàlẹ̀, mẹ́wàá wà lókè, wọ́n sì béèrè pé orí èwo ni ayé rẹ wà báyìí.

"Ẹ jókòó síta, kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kọ ọ́," ó ní.

A jókòó. Ọkọ mi wo fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó sì nà án sí mi láìsọ nǹkan kan. Mo gbà á. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Máṣíìnì ìránṣọ ló máa ń tún ṣe, òróró kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀, ìwé tó bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àfi bíi pé adìẹ ló rìn kọjá lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó ni mo ti ń bá a kọ gbogbo ìwé, ti ilé, ti iléèwé ọmọ, ti ilé ìwòsàn. Tirẹ̀ ni mo sì máa ń kọ ṣáájú, torí pé kì í pẹ́. Lọ́jọ́ náà pàápàá, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣé ó kábàámọ̀ ẹni tó fẹ́? Mo máàkì bẹ́ẹ̀ ni. Lórí àkàbà, mo fún un ní mẹ́ta. N kò ṣiyèméjì rárá. Tèmi ló wá di wàhálà. Mo kọ, mo pa á rẹ́, mo tún kọ, títí ìwé náà fi fẹ́ ya. Nígbẹ̀yìn, mo kọ mẹ́ta sí tèmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin náà ṣe wọ ayé mi.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà. Obìnrin méjìlá la wà nínú yàrá ńlá kan tí a ti ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn iléèwé. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí iléèwé wọlé ni máṣíìnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó já. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ti ń ro bí wọ́n ṣe máa lé mi lọ, bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi, àti aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ wáṣẹ́ síbòmíràn. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n pe Jẹ́jẹ́. Orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè é nìyẹn, torí pé kì í kánjú, kì í sì í pariwo.

Ó wọlé pẹ̀lú àpótí páànù kékeré kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àìsàn máṣíìnì mi fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e fún mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé ìparí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Òdì lo ki abẹ́rẹ́ ẹ̀."

Àwọn obìnrin mọ́kànlá tó kù fẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yí abẹ́rẹ́ náà padà, ó dì í, ó sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí máṣíìnì tó bàjẹ́. Ó ní òun wá fi òróró sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òróró. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, òróró ti ń kán sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun àwọn ọmọléèwé, ọ̀gá wa wá pè é. "Jẹ́jẹ́, tó bá jẹ́ ọmọ yìí lo wá wò, wò ó, kó o gbé agolo òróró ẹ sílẹ̀."

Gbogbo ìgbà tó bá wá, èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, n kò sì fi "ẹ" pè é rí. Mo sọ fún un nípa gbogbo ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ó sì ń gbọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Nílé wa, bí mo bá ti lanu, wọ́n á ní mo tún ti dé. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, kí n má parọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé mo máa ń fi ìka ka ọjọ́ kí ọjọ́ òróró tó dé.

Àmọ́ kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá ṣe alárinà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n sanra rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n sì ní ẹnu tó lè ta omi fún ẹja. Wọ́n jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Àbúrò mi ní láti ọjọ́ tóun ti rí ẹ, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu òun mọ́. Ó ní ìwọ ni ojú tóun fi ń ríran. Ó ní bóun ò bá fẹ́ ẹ, òun ò ní í fẹ́ ẹnì kankan láyé." Mo mu ọ̀rọ̀ yẹn bí omi.

Ìyá mi kò mu ún.

"Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń rò?" wọ́n bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Màámi."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló sọ fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lo fẹ́ fẹ́ nìyẹn." Wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n ń ká sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni. Àmọ́ ìwọ tí àyà ẹ máa ń já bí ilẹ̀kùn bá dún, tó jẹ́ pé kí wọ́n sọ fún ẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá pé kò sí nǹkan kan kó tó wọ̀ ẹ́ létí, ọkùnrin tí ò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lo lọ mú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n gbà, wọ́n kàn ní, "Má sọ pé mi ò sọ."

Ọdún mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ kò burú. Ọmọ wa obìnrin wà nílé, ẹnu tèmi ló jogún, ilé sì ń dún. Nígbà tó lọ sí iléèwé gíga ni mo wá rí i pé èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀. "Ṣé oúnjẹ dùn?" "Ó dùn." "Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?" "Rárá." Á gbé irin máṣíìnì kan lé itan, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà fún wákàtí méjì, á máa wo ojú títì. "Kí lò ń rò?" "Kò sí." Èèyàn ẹlẹ́ran ara wo ni kì í ro nǹkan kan? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dáhùn nínú ara mi. Ó ń rò ó pé ìyá mi ti sọ òótọ́. Ó ń rò ó pé òun ìbá ti fẹ́ ẹlòmíràn, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá a dáhùn báyìí, kò sì sí ìgbà kankan tí ìdáhùn náà dára.

Ohun tó gbé mi dé orí bẹ́ǹṣì yẹn nìyẹn.

Agbaninímọ̀ràn pè wá wọlé. Ó gbé fọ́ọ̀mù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó wo èyí, ó wo ìyẹn.

"Ọwọ́ kan ló kọ méjèèjì."

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo máa ń bá a kọ ọ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ bá wọn kọ ọ́. Ṣé ẹ bi wọ́n?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ohun tí mo ṣe tó yé mi, ojú sì gbà mí tì.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ fún yín?"

"Rárá."

"Ṣé kí n kà á?"

Ó mi orí pé kó kà á. Obìnrin náà kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà ìtúfọ̀ fún ìyá òkú. "'Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ ti sú ọ?' Bẹ́ẹ̀ ni. 'Bí o bá tún ayé wá, ṣé ẹlòmíràn ni wàá fẹ́?' Bẹ́ẹ̀ ni. 'Ṣé o kábàámọ̀ ẹni tí o fẹ́?' Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Èmi?" ó ní.

Ìyẹn nìkan ló sọ. Obìnrin náà ti fọ́ọ̀mù yẹn sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ká padà wá lọ́jọ́bọ̀, pé inú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti máa kọ tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á kọ̀wé sí adájọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta tó wà láàárín yẹn, n kò lè jẹun, n kò lè ránṣọ. Mo gé ọwọ́ ẹ̀wù òsì méjì fún ẹ̀wù kan ṣoṣo. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé yóò lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí mo ti bá a kọ yẹn gẹ́lẹ́. Bí èmi bá kọ ọ́, irọ́ ṣì lè ni. Bí òun bá kọ ọ́, ó parí. Òun alára kò sọ nǹkan kan, àmọ́ mo rí i lẹ́ẹ̀mejì tó dúró tó ń wò mí, tí n bá sì ti gbójú sókè, á lọ.

Lọ́jọ́rú, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ká báńdéèjì sínú àwo.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá fún mi nígbà yẹn. Ti pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ẹ̀. Ṣé òun ló sọ ọ́?"

Wọ́n dákẹ́. N kò rí i kí wọ́n dákẹ́ rí láti ogún ọdún. "Ìyàwó wa," wọ́n ní, "jókòó."

"Mi ò fẹ́ jókòó, Àǹtí."

"Kò sọ ọ́. Èmi ni mo fi iyọ̀ sí i. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Mo bi í pé kí ló rí lára ẹ, ó rò ó títí, ó ní, 'Ọkàn mi máa ń balẹ̀ níbẹ̀.' Ó parí. Ṣé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń gbé lọ fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn? Mo ní bí mo bá gbé èyí lọ, wọ́n á lé mi padà. Mo bá tún un ṣe."

Ó yẹ kí inú mi dùn sí ohun tí mo gbọ́ yẹn. Kò dùn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde, mo sì sunkún ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ìwòsàn níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù èèyàn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo fi ogún ìṣẹ́jú parí tèmi. Ọkọ mi wà nínú yàrá kejì fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo ń gbọ́ tó ń fa àga. Mo gbọ́ tó wúkọ́. Ogójì ìbéèrè, ẹni tí kì í dáhùn ju "ó dùn" lọ, kí ló ń kọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tó jáde, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, yíǹkì sì ti dà pọ̀ mọ́ òróró lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn kà wọ́n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè. "Ẹ ò kábàámọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Àmọ́ ẹ wo àkàbà. Ìyá, ẹ kọ mẹ́ta. Bàbá, ẹ kọ mẹ́jọ."

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á á rò pé mo fò mọ́ ọn lọ́rùn. Inú ló bí mi.

"Mẹ́jọ," mo ní. "Níbo lo ti rí mẹ́jọ? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ku ikú díẹ̀díẹ̀ nínú ilé yẹn, mò ń wo ojú ẹ bóyá òní lo máa lé mi, ìwọ wà lórí mẹ́jọ, ọkàn ẹ balẹ̀. Tó bá ti balẹ̀ fún ẹ, kò kàn ẹ́ bóyá ó balẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó sàn kó o tiẹ̀ kórìíra mi. Ǹ bá mọ ohun tí mò ń bá jà."

Ó gbọ́ mi dé ìparí. Ó máa ń gbọ́ mi dé ìparí, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

"O ò béèrè."

"Mi ò béèrè." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó hàn pé ó ń ni í lára. "Mo rò pé bó ṣe rí fún mi náà ló ṣe rí fún ẹ. Tó o bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, mo máa ń rò ó pé ara ẹ dá ni. Ìwọ fi bírò kọ tèmi. Èmi náà, inú mi ni mo ti ń bá ẹ kọ tìẹ. Mẹ́jọ ni mo ń kọ fún ẹ."

Agbaninímọ̀ràn ní, "Mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí adájọ́ lónìí. Kí ni kí n sọ?"

Èmi ló ń wò. Mo lanu láti dáhùn fún àwa méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì pa á dé.

Ọkọ mi na ọwọ́, ó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ kan lórí mẹ́jọ náà. Kò kọ nǹkan kan dípò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo," obìnrin náà ní.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé ṣe kí èmi wà lórí mẹ́jọ kí òun wà lórí mẹ́ta nínú ilé kan náà. Mo ṣì í kà ni. Ẹ sọ fún adájọ́ kó fún wa láyè, tí ìyàwó mi náà bá fẹ́."

Ó wá yíjú sí mi, ó sì dúró. Kò sí ẹni tó máa bá mi dáhùn. N kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ tàbí n kò fẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé a máa délé, á tún gbé irin máṣíìnì lé itan. Mo ní, "Oṣù kan. Mi ò ṣèlérí ju ìyẹn lọ." Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

A jáde sí ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Oòrùn mú. Àwọn èèyàn wà níwájú wa, àwọn kan wà lẹ́yìn, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rẹ̀ mí. Òun ló sọ̀rọ̀.

"Méje ló kù kí mẹ́ta ẹ tó pé mẹ́wàá," ó ní. "Sọ ẹyọ kan fún mi nínú ẹ̀."

Mo wò ó. Ogún ọdún ni mo ti fi ń dúró de ìbéèrè kan lẹ́nu ọkùnrin yìí, nígbà tó dé, gbogbo ọ̀rọ̀ mi sá lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi.

"Tó o bá pẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ̀rù máa ń bà mí. Tó o bá wá dé, wàá kàn jókòó."

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àdúgbò wa dé. Àwọn èèyàn wọlé. Kò gbé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀rù kí ni?" ó bi mí.

Mo sọ fún un, gbogbo rẹ̀, ní ìdúró, lójú gbogbo èèyàn. Bọ́ọ̀sì náà ti lọ tipẹ́ kí n tó sọ ọ́ tán. Nígbà tí mo dákẹ́, ó mi orí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì ní, "Ó ku mẹ́fà."